Àgbo Tí Ìyá Kò Tọ́ Wò

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí àwọn obìnrin Èbúté Ìkòròdú ṣe fẹ́ràn Ìyá Kúbúrá tó, kí ó dán an wò kí ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa lójú wọn. Kí ó sì ti mọ ọ̀nà tí yóò gbà sá o, nítorí ẹnu àwọn ẹlẹ́ja kì í ṣe ẹnu tí a ń fi ṣeré. Ìyá Kúbúrá ni ó ń bá wọn mójú tó ọmọ nígbà tí wọ́n bá wọ láǹṣì, ọkọ̀ ojú omi, lọ sí Èkó lọ ta ẹja àti gààrí, láti òwúrọ̀ títí láǹṣì yóò fi padà dé nírọ̀lẹ́. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí omi. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́yìnkùlé rẹ̀ lè tutọ́ sínú ọ̀sà.

Tẹ́lẹ̀, ọmọ mélòó kan péré ni ó máa ń wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n tí ó ń pọn àbúrò kó sílétì lọ́wọ́, ó di ilé ìwé. Inú àwọn ìyá dùn, ta ni kò fẹ́ kí ọmọ òun mọ̀wé? Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá gbé èyí kékeré? Ilé Ìyá Kúbúrá náà ni.

Ohun tí ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu ni pé bí ọmọ ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ariwo ilé náà ń dín kù. Ilé Ìyá tòrò bí omi àfòwúrọ̀pọn. Bí àwọn ìyá bá dé nírọ̀lẹ́, orí ẹní ni wọn yóò ti bá ọmọ wọn, wọ́n sùn tẹ̀ léra wọn. Wọn yóò ní, “Ìyá yìí mà lọ́wọ́ ọmọ o!” Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń bá ara wọn wí, pé ọmọ tí ó ń da àwọn láàmú nílé, báwo ni ó ṣe ń gbọ́ràn sí Ìyá lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀? Kò sí ẹni tí ó béèrè ìdí. Ìyá ọmọ tí ó bá ń bá oorun ọmọ rẹ̀ jà, orí rẹ̀ kò pé.

Ṣẹ̀rífátù ni ó béèrè.

Ṣẹ̀rífátù kì í ṣe àlejò nínú ilé náà. Ìyá tí ó bí i, ẹlẹ́ja láti Ẹ̀pẹ́, ni ó gbé e sọ́dọ̀ Ìyá Kúbúrá nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Obìnrin náà bá àìsàn lọ, ọmọ sì di ti Ìyá pátápátá. Ẹ̀yìn Ìyá ni ó gbé dàgbà, ọwọ́ Ìyá ni ó ti jẹun, ilé Ìyá ni wọ́n sì ti wá fẹ́ ẹ lọ sí Ẹ̀pẹ́, fún Mọ́ṣúdù apẹja. Ó pẹ́ nílé ọkọ, oyún kò dúró. Mọ́ṣúdù kò bú u, kò sì lé e; ó kàn fẹ́ ìyàwó mìíràn, ìyẹn sì bímọ kí ọdún tó yípo. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá dé Ẹ̀pẹ́ pé orúnkún Ìyá ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, Ṣẹ̀rífátù di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ tọ́jú màmá òun. Ọkọ kò ní kí ó má lọ. Ìyẹn gan-an ni ó dùn ún jù.

Ọjọ́ tí ó dé, Ìyá dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe oríkì rẹ̀, “Àbẹ̀ní mi! Àbẹ̀ní mi ti dé!” Àwọn méjèèjì sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún sunkún. Ìyá ti rù, àyà rẹ̀ sì máa ń já. Bí ó bá dìde lójijì, òòyì á kọ́ ọ, á wá ògiri dì mú. Ṣẹ̀rífátù ní kí ó jókòó, òun ti dé, iṣẹ́ ti bùṣe.

Ohun kan wà tí Ìyá ti ń ṣe láti ìgbà tí Ṣẹ̀rífátù ti gbọ́njú. Bí ó bá fẹ́ rọ ọmọ ní àgbo, yóò gbé e lé itan, yóò da àgbo díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò kọ́kọ́ fi kan ahọ́n ara rẹ̀ kí ó tó fi kan ẹnu ọmọ. “Ohun tí n kò bá lè mu, n kì í fún ọmọ ọlọ́mọ mu,” bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń wí. Kò yàtọ̀ sí bí onílé ti ń tọ́ omi wò kí ó tó gbé e fún àlejò. Ṣẹ̀rífátù ti rí i títí débi pé kò kà á sí mọ́.

Ìgbà tí kò rí i mọ́ ni ó tó kà á sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ó dé, láǹṣì fọn fèrè, ó lọ, Ìyá sì gbé ìkòkò àgbo kalẹ̀. Ó rọ ọmọ kan, ó rọ èkejì, ó rọ gbogbo wọn tán, kò fi kan ahọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ ń yára bí ọwọ́ ẹni tí ń ṣe ohun tí kò fẹ́ kí ojú òun rí. Kí oòrùn tó gòkè, gbogbo ilé ti sùn.

Ọmọ Morìnsọ́lá wà nínú wọn, Ọláṣẹ́gun, ọmọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to ọ̀rọ̀ pọ̀. Morìnsọ́lá àti Ṣẹ̀rífátù jọ dàgbà ní èbúté ni, wọ́n jọ wẹ̀ nínú ọ̀sà, wọ́n jọ jẹ ẹgba rẹ̀. Ṣẹ̀rífátù gbé ọmọ náà láti wẹ̀ fún un. Ọṣẹ wọ ọmọ lójú, kò sunkún. Ó kàn ya ẹnu díẹ̀, orí rẹ̀ sì ṣubú sí apá Ṣẹ̀rífátù. Ọmọ wo ni ọṣẹ wọ̀ lójú tí kò fi igbe bọnu?

Ṣẹ̀rífátù tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó lọ sídìí ìkòkò, ó bu àgbo sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi kan ahọ́n bí wọ́n ti kọ́ ọ. Ìkorò yẹn kì í ṣe ti àgbo ibà. Ó mọ̀ ọ́n. Ní Ẹ̀pẹ́, nínú ilé tí ó tẹ̀ lé ti ọkọ rẹ̀, wọ́n ń tọ́jú ọkùnrin kan tí orí rẹ̀ dàrú, gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ni wọ́n sì ń sè fún un kí ó má baà máa lu ènìyàn. Ṣẹ̀rífátù ti bá wọn dáná rẹ̀ rí, ó ti fi ìka tọ́ ọ wò. Géńdé ọkùnrin ni o, bí ó bá mu ún, á sùn bí ẹni tó kú, bí ó bá sì jí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé e. Ohun tí wọ́n fi ń mú wèrè balẹ̀ ni Ìyá ń rọ ọmọ tí eyín kò tíì kún lẹ́nu.

Ó kúnlẹ̀ síwájú Ìyá.

“Màmá, ẹ dákun, kí ló wà nínú àgbo yìí?”

“Àgbo ni. Kí ló tún fẹ́ wà nínú ẹ̀?”

“Màmá, mo ti tọ́ ọ wò.”

Ìyá wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

“Ṣé o mọ Kúbúrá tí wọ́n fi ń pè mí?”

“Mo gbọ́ pé ó kú, Màmá.”

“Ìjẹ̀dẹ́ ni mo wà nígbà náà. Mo ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé, ọmọ ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀, n kò gbójú sókè. Nígbà tí n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, mo ní ó ti sùn. Inú mi tiẹ̀ dùn, Àbẹ̀ní. Mo ní kí n tètè yan ẹja mi tán kó tó jí.” Ó nu imú rẹ̀. “Omi ló gbé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi kúrò ní Ìjẹ̀dẹ́.”

Ṣẹ̀rífátù di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Wá wo ẹ̀yìnkùlé wa. Omi náà nìyẹn. Nígbà tí orúnkún mi gbà, bí ọmọ bá yọ ẹsẹ̀, mo ti dé ẹ̀yìn ẹ̀. Nísinsìnyí ńkọ́? Wọ́n pọ̀, mi ò sì lè lé wọn. Ọmọ tó bá sùn kò lè rìn lọ sétí omi.”

“Màmá, wọ́n lè má jí.”

“Díẹ̀ ni mò ń fún wọn.”

“Díẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀.”

Ìyá mi orí. Ó ní òun ti gbọ́, òun yóò fi sílẹ̀. Ó fi sílẹ̀ lóòótọ́. Àgbo ibà lásán ni ó ń rọ wọn, ó ń fi kan ahọ́n rẹ̀, ilé náà sì di ọjà. Ọmọ ń já nǹkan gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń da gààrí sílẹ̀, wọ́n ń gun Ìyá bí ẹni gun àtẹ̀gùn. Ṣẹ̀rífátù ń sáré kiri títí ẹ̀yìn fi ń ro ó, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá sùn lálẹ́, ẹ̀rín ni ó fi ń sùn. Ó gbàgbé pé nígbàkígbà tí ọmọ kan bá yà sí ọ̀nà omi, ojú Ìyá máa ń yí padà.

Ọjọ́ kan, ó lọ sí ọjà Ìkòròdú lọ ra ẹ̀gẹ́. Bí ó ti ń padà bọ̀ lọ́sàn-án, ó dúró lójú ọ̀nà. Kò gbọ́ ohùn ọmọ kankan. Ó sọ ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, ó sáré.

Gbogbo wọn ń sùn. Ìyá jókòó láàárín wọn, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn. “Wọ́n sá lọ sétí omi,” ni ó wí. “Méjì nínú wọn. Mo ṣubú, Àbẹ̀ní. Mo ṣubú, n kò lè dìde, mò ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń lọ. Ọlọ́run ló rán onímọ́tò kan tó wá kó iyanrìn sí wọn, òun ló dá wọn padà.” Ṣẹ̀rífátù kò dúró gbọ́ ìyókù. Ọláṣẹ́gun ni ó ń wò. Ètè ọmọ náà ti ṣú, èémí rẹ̀ jìnnà síra wọn. Ó gbé e, ó gbọ̀n ọ́n, ó da omi tútù lé e lórí, ó gbá a ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó pọ̀n ọ́n, ó ń fò sókè sódò láàárín àgbàlá, ó ń pariwo orúkọ rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run, ó ń bẹ ọmọ. Wọ́n ti ń pe ìrun alásárì kí ọmọ náà tó bì, kí ó tó fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sunkún. Ṣẹ̀rífátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà. Kò sí orin tí ó dùn tó ẹkún yẹn rí.

“Ó ti jí,” Ìyá wí pẹ̀lú ohùn kékeré. “Ọlọ́run ti bá wa ṣe é. Jẹ́ kó parí síbí, Àbẹ̀ní.”

“Bó bá wá di ọjọ́ mìíràn ńkọ́, Màmá? Èmi ni mo dákẹ́ tí eléyìí fi fẹ́ẹ̀ kú.”

Ìyá kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó kàn ń wò ó, Ṣẹ̀rífátù sì rí gbogbo rẹ̀ nínú ojú náà: ẹ̀yìn tí ó gbé e, ọwọ́ tí ó bọ́ ọ, orúkọ rere tí Ìyá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kó jọ. Bí òun bá sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ dìtàn. Òun fúnra rẹ̀ kò sì ní ilé mìíràn tí òun lè lọ. Ó dìde, ó gbé Ọláṣẹ́gun sí èjìká, ó lọ dúró de láǹṣì.

Láǹṣì dé, Morìnsọ́lá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òfìfo lórí. Ṣẹ̀rífátù sọ fún un ní gbangba, kò fi ohunkóhun pa mọ́. Morìnsọ́lá gba ọmọ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀. Ọmọ ṣí ojú. Ìbẹ̀rù ni ó kọ́kọ́ mú Morìnsọ́lá, ṣùgbọ́n ìbínú ni ó jáde.

“Ìyá tó tọ́ ẹ lo ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ báyìí? Ọmọ mi sùn, o ní wọ́n fún un ní oògùn wèrè? Ìwọ tó ò bímọ rí, kí lo mọ̀ nípa oorun ọmọ?”

Ẹyin ni ohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ojú ti Morìnsọ́lá bí ó ti sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin yòókù ti gbọ́, wọ́n ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ àti igbá wọn ni wọ́n fi wọ́ lọ sílé Ìyá Kúbúrá, kí wọ́n lọ fọ orúkọ rẹ̀ mọ́.

Mùsílímátù, àgbà nínú àwọn ẹlẹ́ja, ni ó sọ̀rọ̀. “Ìyá, a ò bá yín jà o. Ọmọ yín ló sọ̀rọ̀ kan tí a ò fẹ́ gbé sùn. Ẹni tó bá gbé nǹkan fún ni mu, òun náà ló ń kọ́kọ́ mu. Ẹ mu àgbo yín lójú wa, kí a fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín, kí oníkálukú máa lọ sílé ẹ̀.”

Gbogbo wọn ní ọ̀rọ̀ dára. Mùsílímátù fúnra rẹ̀ bu àgbo, igbá kún dẹ́múdẹ́mú. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n, ìyẹn ni ó sì ba Ṣẹ̀rífátù lẹ́rù. Ó mọ ojú yẹn. Ìyá fẹ́ mu ún. Àyà tí ó ń já nítorí pé ènìyàn dìde lórí àpótí, ni yóò wá gba odidi igbá oògùn yìí? Ìyá gbé igbá dé ẹnu.

“Ẹ má mu ún!” Ṣẹ̀rífátù ti wà lórí eékún, ó ti di ọrùn ọwọ́ Ìyá mú, àgbo ń dà sí wọn lára. “Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ jọ̀ọ́! Irọ́ ni mo pa. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ìlara ni. Mi ò bí, ìyẹn ni mo ṣe ń bínú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mu ún!”

Ariwo sọ. “Ẹ ò rí i? Ẹ ò wá rí i?” Ẹnì kan ti ń tú gèlè rẹ̀ fún ìjà. Morìnsọ́lá nìkan ni ó ń wo bí ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti di igbá náà mú, bí ẹni tí ń fa ènìyàn jáde nínú omi.

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i fún Ìyá. Bí ó bá dákẹ́, orúkọ rẹ̀ ti là. Ó wo orí Ṣẹ̀rífátù tí ó tẹ̀ lé orúnkún rẹ̀, orúnkún tí ó ń dùn ún yẹn. Ó gbé igbá sílẹ̀.

“Kò parọ́,” ni ó wí. “Láti ìgbà tí mo ti tọ́ ọ, irọ́ àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ ni èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa yìí.”

Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ti Ìjẹ̀dẹ́ àti ti èbúté. Kò sí ẹni tí ó bú u. Ì bá sàn kí wọ́n bú u. Wọ́n gbé ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lọ.

Láti ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tí ó gbé ọmọ wá. Láǹṣì ń fọn fèrè, ó ń lọ, Ìyá sì jókòó sójú kan. Ilé náà wá dákẹ́ lóòótọ́.

“O ò ní padà sí Ẹ̀pẹ́?” Ìyá bi í. “Mo ti bà ẹ́ lórúkọ jẹ́ mọ́ tèmi.”

“Ta ni n ó fi yín sílẹ̀ fún?” Ṣẹ̀rífátù sì fi ẹ̀kọ gbígbóná sí i lọ́wọ́. “Ẹ mu ún. Mo ti tọ́ ọ wò.”

Ìyá rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ sínú ẹ̀kọ náà.

Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, Ṣẹ̀rífátù mú àdá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọparun, ó ń ṣe ọgbà sí ẹ̀yìnkùlé, láàárín ilé àti omi. Kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọgbà náà wọ́ bí ẹni tó mu ẹmu. Ó ń bá a jà lọ́wọ́ ni ó gbọ́ tí nǹkan wó lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Morìnsọ́lá ni, ó ru ìdì ọparun wá, Ọláṣẹ́gun wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, Ṣẹ̀rífá…”

“Di ibí yìí mú fún mi, kó má baà ṣubú.”

Morìnsọ́lá dì í mú. Wọ́n jọ ń sunkún, wọ́n jọ ń so ọparun. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ Morìnsọ́lá wá tún gbogbo rẹ̀ ṣe, nítorí kò sí ewúrẹ́ tí kò lè fi ìwo lásán wó ohun tí àwọn méjèèjì ṣe. Mùsílímátù náà wá, ó wò ó, ó ní ẹ̀bi kì í ṣe ti ẹnì kan. “Gbogbo wa la rí i pé ọmọ ń sùn jù. A kò béèrè, nítorí ó tẹ́ wa lọ́rùn.” Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, bí láǹṣì bá ń lọ, obìnrin kan nínú àwọn yóò máa dúró ti Ṣẹ̀rífátù. Ti Ìyá ni kí ó jókòó sẹ́nu ọgbà kí ó máa pàlọ́. Ìkòkò àgbo ńkọ́? Ìyá fúnra rẹ̀ ti fọ́ ọ.

Òwúrọ̀ tí àwọn ọmọ padà wá, Morìnsọ́lá tú Ọláṣẹ́gun sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. “Ìyá Ṣẹ́gun,” ni ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, “gba ọmọ rẹ.” Kò sí ẹni tí ó ti fi orúkọ ọmọ pe Ṣẹ̀rífátù rí. Ó gba ọmọ, ó pọ̀n ọ́n kíákíá kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀.

Bí Ọláṣẹ́gun ti rí i pé ìyá òun ń lọ, ó fi igbe ta. Ó ń sunkún, ó ń ta Ṣẹ̀rífátù nípàá, ó ń na ọwọ́ sí ọ̀nà èbúté. Láǹṣì fọn fèrè. Morìnsọ́lá yíjú padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e lọ mọ́.

“Máa lọ, ọmọ mi,” Ìyá Kúbúrá wí láti ẹnu ọgbà. “Bí o bá ṣì ń gbọ́ ẹkún ẹ̀ nínú láǹṣì, kí ọkàn rẹ balẹ̀. Ìgbà tí o ò bá gbọ́ ọ mọ́ ni kí o padà.”